Kẹ́hìndé Ṣì Ń Rò Ó

Bàbá Ìbejì, bàbá mi tí mi ò rí bí ọjọ́ ti pẹ́,

Iṣu tuntun ti jáde. Mo jẹ nínú iṣu àmúlá yín, mo sì rò ó pé kí n tètè ròyìn rẹ̀ fún yín kí ẹlòmíràn tó ròyìn rẹ̀. Bí ìròyìn ayé bá ń dé ibi tí ẹ wà, mo mọ̀ pé orúkọ Kẹ́hìndé ni yóò kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó ti ń rí láti ìgbà tí ẹ ti bí wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta, nítorí pé ẹ kò lè fojú bá mi wí mọ́: mo ń jowú obìnrin tí a jọ gbé inú ikùn kan. Mo ti di àgbàlagbà, mo ti kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìtàn nílé ìwé títí irun mi fi funfun, síbẹ̀ mo ń jowú. Kì í ṣe ohun tí ó ní ni mò ń jowú. Ohun tí àwọn ènìyàn gbà pé ó wà nínú orí rẹ̀ ni.

Ẹ ṣáà mọ bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́. Táyé ni ó kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Kẹ́hìndé jókòó sínú lọ́hùn-ún, ó ń ro ọ̀rọ̀ ayé síwá sẹ́yìn, ó wá rán Táyé pé kí ó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn. A kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì tí wọ́n ti fi pín ìwà fún wa: òun ni aláròjinlẹ̀, èmi ni oníwàdùwàdù. Ṣé ẹ rántí igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé? Nígbà tí mo já bọ́ láti orí rẹ̀, gbogbo ilé ní ìwàǹwára mi ni. Nígbà tí Kẹ́hìndé já bọ́ láti orí igi kan náà, wọ́n yí i ká, wọ́n ń bi ara wọn pé kí ni ó lè máa wò lókè tí ó fi já bọ́.

Ẹ̀yin alára, aláròjinlẹ̀ ni yín, n kò jiyàn rẹ̀. Nígbà tí ẹ fẹ́ ra alùpùpù tí ọkùnrin Ṣakí yẹn kó wá láti ọ̀nà Kútọnu, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ti ní irú rẹ̀, ẹ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ti ní in rí tí ó sì tà á, ẹ tún lọ dúró ní àárọ̀ kùtù láti gbọ́ bí ó ṣe máa ń dún nígbà tí òtútù bá mú un. Ẹ rò ó títí ọkùnrin náà fi gbàgbé pé òun fẹ́ tà á. Màmá wa ní bí ó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe rò ó kí ẹ tó fẹ́ òun ni, òun ì bá ṣì wà nílé bàbá òun ní Ilua. Ẹ̀yin kàn rẹ́rìn-ín, ẹ gbé pákò láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún sí tòsì. Nígbà tí ẹ wá ra alùpùpù náà, ó gbé wa lọ oko títí gbogbo irú rẹ̀ ní Ipapo, ìlú wa, fi di irin tí àwọn ọmọdé ń fi ṣeré.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oko gan-an ni mo fẹ́ bá yín sọ. Nígbà tí ọyẹ́ bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, tí òjò sì ti rọ̀, ẹ máa ń mú wa lọ wo ebè bóyá ó ti tó gbìn. Ẹ ó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé orí ebè, ẹ ó sì dákẹ́ síbẹ̀, bí ẹni tí ó ń wò bóyá ara ọmọ gbóná. Kẹ́hìndé a sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi yín léèrè. Kí ló dé tí ẹ fi wo ti ìhín, tí ẹ kò wo ti ọ̀hún? Báwo ni ẹ ṣe mọ̀ pé òjò yìí kì í ṣe ẹlẹ́tàn? Ẹ ó dá a lóhùn ní ohùn jẹ́jẹ́, ẹ̀yin méjèèjì a máa lọ láti ebè dé ebè, èmi a sì máa bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú agbè omi, mo ń wo ẹ̀yìn yín méjèèjì. N kò bi yín ní nǹkan kan, nítorí pé kí ẹ tó gbé ọwọ́ kúrò, mo ti mọ èsì náà láti inú bí èjìká yín ṣe rọ̀. Ṣé nítorí pé n kò béèrè ni ẹ kò ṣe sọ fún mi? Àbí ẹ̀yin náà gbà pé kò sí ẹni tí ó jókòó tí ó ń ronú nínú mi, pé ilẹ̀kùn lásán ni mí?

Ní ọdún tí ó kọjá, lẹ́yìn tí ẹ ti papòdà, wọ́n pe ọkùnrin kan láti Ìbàdàn wá sí ilé ìwé wa ní Ìsẹ́yìn láti wá bá àwa olùkọ́ sọ̀rọ̀ nípa ìwà ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà ronú kò dọ́gba. Ó ní àwọn kan wà tí wọn kì í gbé ẹsẹ̀ kí wọ́n tó mọ ìdí. Wọn a tú ọ̀rọ̀ palẹ̀ bí ẹni tú aago, wọn a wo eyín rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kò ní í sọ pé ibì kan ni àwọn ń lọ àyàfi bí wọ́n bá ti rí ọ̀nà rẹ̀ dé òpin. Ó ní iṣẹ́ wọn máa ń péye, ṣùgbọ́n bí wọn kò bá ṣọ́ra, ìrònú lè di àga tí wọ́n jókòó sí, tí wọn kò ní lè dìde mọ́. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá ní ìbéèrè. Nígbà tí ó kàn mí, ó gbọ́ tèmi tán, ó wá nawọ́ sí mi níwájú gbogbo ènìyàn: "Bàbá yìí! Ẹ̀yin gan-an ni mo ti ń sọ láti àárọ̀."

Bàbá mi, kí ni kí n pè é? Inú mi dùn dé ibi tí ó ti ń dun ni. Àlejò tí kò mọ̀ pé ìbejì ni mí, tí kò mọ èwo nínú wa ni ó kọ́kọ́ jáde, wo inú mi, ó rí ẹni tí ó ń ronú níbẹ̀. N kò dúró jẹun. Mo wọ ọkọ̀ lọ tààrà sí Ipapo. Kẹ́hìndé ń ṣa ẹ̀wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín, Bàbá Kékeré, àbúrò yín, sì wà lórí ẹní, ó ń na ẹsẹ̀ tí ó máa ń dùn ún. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn. Kẹ́hìndé kò gbójú sókè nínú àtẹ.

"Ta ló kọ àwọn ìbéèrè yẹn?"

Mo ní ọkùnrin náà ni.

"Ṣé ó ti rí ẹ níbi tó o ti ń ṣiṣẹ́ rí?"

Mo ní rárá.

"Tó bá tún bi ẹ́ lọ́la, tí inú ń bí ẹ, ṣé ohun kan náà lo máa sọ?"

Bàbá Kékeré rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. "Táyé, o rí nǹkan? O gbé orúkọ wálé láti Ìsẹ́yìn, o ò tíì jókòó tán tí ẹni tó ni ín fi gbà á lọ́wọ́ ẹ!"

Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn fìdáù yín, Bàbá Kékeré pín oko fún wa. Kẹ́hìndé ni ó gba ìdí àpáta, níbi tí a ti jọ máa ń gbìn pọ̀ nígbà ayé yín, ebè tèmi ní ẹ̀gbẹ́ ebè tirẹ̀. Èmi gba ẹ̀bá odò, ní òdì kejì títì. Àmúlá yín nìkan ni ó kù tí a ní láti pín, èyí tí bàbá yín gbé wá láti Ilua, tí ẹnikẹ́ni kò ní irú rẹ̀ mọ́ ní Ipapo nítorí pé gbogbo wọn ti yà sí irú tí ó ń tètè ta. A gé iṣu náà fún gbígbìn, a fi eérú ra ojú rẹ̀, Kẹ́hìndé kó ìdajì èèbù, mo kó ìdajì. Àwa méjèèjì mọ̀ ọ́n: bí ó bá bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́, iṣu yín parí nìyẹn. Ilé yín yóò wà, orúkọ yín yóò wà, ṣùgbọ́n iyán tí ẹ máa ń sọ pé ó ń gbé òórùn Ilua bọ̀ kò ní í sí láyé mọ́.

Àkọ́rọ̀ òjò ọdún yìí tètè dé. Ó rọ̀ ní ọ̀sán, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo ti wà lóko. Mo bẹ̀rẹ̀, mo tẹ́ ọwọ́ lé ebè. Ó tutù lókè, mo wa ọwọ́ sí i, ó ṣì tutù dé ibi tí ọrùn ọwọ́ mi wọlẹ̀ dé. Ilẹ̀ odò dúdú, ó máa ń di omi mú. Ọyẹ́ ti lọ pátápátá. Koríko wà nítòsí tí mo lè fi bo orí ebè bí oòrùn bá padà. Gbogbo èyí ni mo rò kí n tó rìn dé àárín oko láti ojú títì, mo sì gbìn. Tí ẹ bá rí mi, ẹ̀yin náà lè pè é ní ìwàǹwára. Ìrònú tèmi kì í jókòó lórí àpótí kí ó fọwọ́ lẹ́rán. Ó máa ń bá mi rìn ni. Ta ni ó wá fẹ́ rí i?

Bàbá Kékeré rí amọ̀ ní ẹsẹ̀ mi, ó figbe ta. "Táyé! Òjò kan ṣoṣo? O ò tiẹ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ ó mí?"

Mo béèrè Kẹ́hìndé.

"Kẹ́hìndé ṣì ń rò ó," ni ó wí, bí ẹni tí ó ń dárúkọ oyè.

Gbogbo Ipapo ni ó ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ọlọ́kadà tí ó máa ń gbé mi láti ìkóríta kò tíì tan ọ̀kadà rẹ̀ tí ó fi ní, "Bàbá Tíṣà, ẹ ti gbìn? Ha! Ẹ̀yin yìí náà, ẹsẹ̀ yín ti yá jù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyá, Kẹ́hìndé yín, kọjá ni, wọ́n ṣì ń rò ó."

Ọ̀dá dé lóòótọ́. Oòrùn ran bí ẹni pé ó ń wá nǹkan tí ó sọnù sínú ilẹ̀. Àwọn tí wọ́n tẹ̀lé àkọ́rọ̀ òjò ní orí ilẹ̀ òkè pàdánù èèbù wọn, gbogbo ẹni tí mo bá sì pàdé ni ó ń kí mi ní ìkíni ọ̀fọ̀. Mo ń lọ sí oko, mo ń ká koríko lórí ebè, mo ń wò ó, mo ń dá a padà. Ọwọ́ mi ṣì ń bá ìtútù nísàlẹ̀. Nígbà tí òjò padà, ìtàkùn mi ti yọrí, ó ti ń wá ọ̀pá tí yóò gùn.

Gbogbo ìlú wá sáré lọ gbìn. Kẹ́hìndé ṣì ń rò ó. Ó ń lọ sí ìdí àpáta, ó ń tẹ́ ọwọ́ lé ebè bí ẹ ṣe kọ́ ọ, ó ń dúró, ó ń wo ọ̀run, ó ń padà sílé. Òjò kejì rọ̀, ó ní kò tíì dá òun lójú. Òjò kẹta rọ̀. Èèbù tí ó wà nílé hu lórí ẹní, ó gùn, ó fẹ́lẹ́, ara iṣu náà sì rọ bí ọmú àgbàlagbà. Nígbà tí ó wá gbìn ín, ọ̀pọ̀ èhù náà ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn tí wọ́n jàjà hù kò ta ju ìwọ̀n ìkúùkù ọmọdé lọ, kòkòrò sì ti jẹ wọ́n tán nínú ilẹ̀. Kò sí ọ̀kan tí ènìyàn lè gé gbìn.

Ṣé ẹ mọ ohun tí ìlú sọ? Nípa tèmi, wọ́n ní, "Orí Táyé mà dára o. Ó sáré kiri, ó sáré bọ́ sí i." Nípa tirẹ̀, wọ́n mi orí: "Ọdún yìí le. Tí ọdún bá le débi tí Kẹ́hìndé fi rò ó tì, ta ló tún kù?" Bàbá mi, bí mo bá ṣe é tí kò dára, orí mi ni kò pé. Bí mo bá ṣe é tí ó dára, orí mi ni ó bá mi ṣe é. Nígbà wo ni yóò jẹ́ èmi ni mo rò ó?

Ọjọ́ tí mo ń wa iṣu ni Kẹ́hìndé wá. Kò wọ ọ̀kadà, ó gba inú odò kọjá, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó dúró sí etí oko, ó ń wo òkìtì iṣu náà. Mo ti múra sílẹ̀ fún un. Mo ti ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu tí ó tó fún gbogbo ọdún tí a ti lò láyé. Ó gbé iṣu kan, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ dànù, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì rọra gbé e lélẹ̀.

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

Kò bi mí ní irú rẹ̀ rí. Láti ọjọ́ tí ẹ ti bí wa, ó ti bi gbogbo ayé ní ìbéèrè, kò bi mí ní ọ̀kan láti fi kọ́gbọ́n lọ́wọ́ mi. Mo la ẹnu láti ka ìdí mi sílẹ̀ fún un, ti ilẹ̀ dúdú, ti ọyẹ́, ti koríko, gbogbo rẹ̀ sì pòórá. Mo kàn ní, "Mo tẹ́ ọwọ́ lé ebè."

"Èmi náà tẹ́ ẹ lé e. Gbogbo ohun tí Bàbá ní kí n máa wá níbẹ̀ ni mo mọ̀ lórí. Mo lè kà á fún ẹ báyìí. Mi ò gbọ́ nǹkan kan, Táyé. Mi ò gbọ́ nǹkan kan rí."

Mo ní báwo ni ó ṣe wá ń gbìn ní gbogbo ọdún tí ó ti kọjá, tí iṣu rẹ̀ ń ta?

Ó wò mí bí ẹni pé mo ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìwọ ni mò ń wò. Bàbá ló sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní, 'Rò ó dáadáa. Tó o bá rò ó tán tí kò tíì yé ọ, wo Táyé. Bó bá ti gbìn, lọ gbìn.' Ẹ̀gbẹ́ mi lo ṣáà máa ń gbìn sí."

"O gbọ́ pé mo ti gbìn lọ́dún yìí. Gbogbo ìlú ló gbọ́."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ẹ kọ́ ni ilẹ̀ mi. Ohun tí ọwọ́ ẹ bá gbọ́ létí odò, kí ló kan òkúta tèmi?"

Òótọ́ ni. Aláròjinlẹ̀ ni, Bàbá mi. Mo ti ń retí kí ó hàn pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì hàn lójú mi níbẹ̀, nínú omi odò tí ó ń kán láti etí ìró rẹ̀, pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó jẹ́.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Ẹ̀yin tí mo rò pé ẹ kò wo ẹ̀yìn rí, ẹ ti wò mí dé ibi tí ẹ fi lè fi mí ṣe àmì fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n owú kì í gbọ́ ìdí. Ohun tí ó sọ sí mi lọ́kàn ni pé òun náà ni ẹ tún sọ ọ́ fún. Kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ fún èmi tí ó kàn? Nígbà tí mò ń wo ẹ̀yìn yín méjèèjì, ọ̀rọ̀ mi ni ẹ ń sọ ní ohùn jẹ́jẹ́ yẹn? Bí ẹ bá ní kí Kẹ́hìndé máa wo Táyé, ta ni ẹ ní kí Táyé máa wò?

Kẹ́hìndé jókòó lé orí ebè tí mo ti wa tán. Ó ní òun fẹ́ èèbù díẹ̀ láti fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó sọ èyí tí ó bá wá gan-an. "Mo tún fẹ́ kí o wá gba ebè díẹ̀ ní ìdí àpáta. Kò ní í pọ̀. Kí o máa gbìn tìẹ síbẹ̀ kí n tó gbìn tèmi. Kí n ṣáà lè rí ẹ."

Mo gbé ọkọ́ mi, mo nu ẹnu rẹ̀, mo sì ní, "Jẹ́ kí n rò ó ná."

Ó kọ́kọ́ ranjú mọ́ mi. Ẹ̀rín wá pa á, ó rín in tí ó fi fi ọwọ́ gbá mi léjìká. "Ìwọ?"

"Èmi."

"Ó dáa. Má jẹ́ kó pẹ́ ju alùpùpù Bàbá lọ."

Ọ̀rọ̀ náà ti kárí ìlú báyìí. Ọlọ́kadà ìkóríta kò sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ mi mọ́. Ó ń fi ojú ẹ̀gbẹ́ wò mí nínú dígí. Bàbá Kékeré fi ẹsẹ̀ tí ó ń dùn ún yẹn rìn wá síbi tí mo wọ̀ sí, ó jókòó, ó wò mí lókè nílẹ̀. "Táyé, Kẹ́hìndé ní o sọ pé o ń rò ó. Ṣé ara ẹ le?" Mo ní ara mi le. Ó ní ṣé mo jẹun? Mo ní mo jẹun. Ó ní nígbà náà kí ni mò ń rò? Mo ní kí ó fún mi ní àyè, pé ọ̀rọ̀ náà ní ìdí púpọ̀. Ó jáde, mo sì gbọ́ tí ó ń sọ fún ẹnì kan ní ìta pé, "Ẹ fi í sílẹ̀ ná. Ó ń rò ó."

Ẹ kò lè mọ bí ó ṣe dùn létí mi tó. Tàbí ẹ mọ̀ ọ́n, nítorí pé ẹ̀yin náà gbọ́ ọ dọjọ́ ogbó.

Àwa méjèèjì nìkan ni a ń sọ̀rọ̀ báyìí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Kí Kẹ́hìndé tó dá ọ̀rọ̀ náà dúró lẹ́nu ni mo ti mọ ohun tí n óò ṣe. Ojú mi ti mú iṣu tí n óò gé fún un nínú òkìtì náà, àwọn tí ojú wọn le, tí ara wọn jọ̀lọ̀. Mo ti ya wọ́n sọ́tọ̀ lábẹ́ ewé. Mo tilẹ̀ ti lọ sí ìdí àpáta lọ́jọ́ tí ó lọ sọ́jà Ṣakí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ibi tí ẹ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí, mo tẹ́ ọwọ́ lé ilẹ̀, mo sì ti mọ ibi tí ebè tèmi yóò wà, níbi tí yóò ti máa rí mi kedere láti ìdí tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò ní í sọ fún un títí òjò yóò fi rọ̀. Jẹ́ kí ó dúró dè mí díẹ̀. Bí ó bá rí yín lójú àlá, tí ó bi yín léèrè bí ó ti máa ń bi yín, mo bẹ̀ yín, Bàbá mi, ẹ má dá a lóhùn lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ kàn ní kí ó máa wò mí.

Èmi ni ọmọ yín tí a rán ṣíwájú, tí ó ṣì ń wo ẹ̀yìn yín.